Oko Ẹ̀yìn Ilé Ìyá Misturat

Àgbẹ̀ kan wá kan ilẹ̀kùn obìnrin aládùúgbò rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ìṣáná lọ́wọ́. Ó ti ṣán oko rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé obìnrin náà láti oṣù tó kọjá. Ṣùgbọ́n bí áàpù tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò lórí fóònù obìnrin náà bá ti yọ pupa, kì í ki iná bọ̀ ọ́, nítorí èéfín kì í jẹ́ kí Misturat, ọmọ ọdún méje, mí dáadáa.

“Ìyá Misturat, kí ni fóònù wí? Àbí òun ló wá di baálẹ̀ wa báyìí?”

Obìnrin náà na fóònù sí i. Eruku ọyẹ́ ti sọ áàpù náà di pupa.

“Ẹ máa sun ún, Bàbá.”

“Ṣé kì í ṣe pupa ni mò ń wò yìí?”

“Pupa ni. Ẹ sun ún.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Kí Misturat wá lé mi kúrò ládùúgbò? Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo lò ní Tẹ̀dé, mo sì ra kókóró bọ̀ fún un. Níbo ló wà?”

“Àná la ṣe fídáù rẹ̀.”

Fóònù náà dún láàárín wọn. Ìkìlọ̀ tuntun ló wọlé: kí àwọn ọmọdé má ṣe jáde nílé lónìí.