Jọ́ọ̀gì Tó Ṣófo

Bí odindi líta omi kan bá wọ ara ọmọ ọdún mẹ́jọ láti ìdájí, tí ẹ̀kán kan ṣoṣo kò sì jáde, níbo ni omi náà wà? Ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì ń bi ara rẹ̀ nìyẹn bó ti gbé jọ́ọ̀gì ìtọ̀ tó gbẹ táútáú sókè. Oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin náà lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ìtọ̀ rẹ̀.

"Kíndìnrín ti daṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn," ni dókítà wí. "Ká dá oògùn dúró, ká gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà," ni ìyá ọmọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé oògùn, wí. "Ojú ẹ̀ ò wú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò wú. Oògùn yẹn ló gbé e dìde."

Nọ́ọ̀sì rí i pé àròyé náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọ̀gá mi, ṣé o ti tọ̀ lónìí?"

Ọmọ náà kọjú sí ògiri.

"Sọ fún mi, jàre. Wọ́n fẹ́ ti rọ́bà ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn bọ ọrùn ẹ."

Ọmọ náà yíjú padà; kò sunkún.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mà. Ilé ìtọ̀ ni mo lọ, mo sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ ti gba irun mi, ẹ̀ ń gba ẹ̀jẹ̀ mi lójoojúmọ́. Ìtọ̀ yẹn, tèmi ni."