Ta Ló Ni Báàgì Yìí?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo gbé wá.

Géètì gáréèjì, ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn ẹrù èrò ọkọ̀, ló gbóòórùn igbó tí wọ́n ń mu nínú báàgì tí Fadérera ń bá ìyá ọkọ ẹ̀ gbé.

Géètì bi í pé, "Ta ló ni ín?"

Ìyàwó wo ló máa nàka sí ìyá ọkọ? Ó ní, "Tèmi ni."

Ní tésàn ọlọ́pàá, lóyà inú ògiri, ẹ̀rọ tó ń dúró bíi lóyà, sọ fún un pé, "Ẹ ti jẹ́wọ́. Ẹ tẹ̀ka síwèé, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì péré ni."

"Rárá o! Lóyà tó ń mí ni mo fẹ́."

Wọ́n wá ìyá arúgbó kan tó jẹ́ lóyà rí. Ó jókòó tì í, ó ní, "Ọmọ mi, ta lò ń bò?"

Fadérera bojú wo ẹ̀yìn gíláàsì tó wà lára ògiri yàrá náà. Ìyá ọkọ ẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́. Fadérera yíjú padà sí lóyà náà, ó ní, "Mi ò bo ẹnì kankan. Tèmi ni."

Ẹ̀yin tírú ẹ̀ bá ti ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìtàn tiyín ránṣẹ́ sí mi.