Oògùn Ẹ̀gbọ́n

Ooru ààrò nìkan kọ́ ló ń mú ìyá oníbúrẹ́dì làágùn. Látìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró ni ara rẹ̀ ti ń gbóná lódìlódì, oorun sì di ohun à-wá-tì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣàánú rẹ̀, ó da hóró oògùn sínú ìgò kékeré kan fún un.

"Lo èyí. Òun lèmi náà ń lò."

Ara rẹ̀ tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ tó ti dágbére padà dé, ọkàn oníbúrẹ́dì ò sì balẹ̀ mọ́.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní awọ inú ilé ọmọ rẹ̀ ti nípọn jù. Kò tíì di jẹjẹrẹ, àmọ́ ó lè dà á. Kò sí orúkọ lára ìgò náà, nítorí náà ó ní kí wọ́n pe ẹni tó ni oògùn.

Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ń ṣí báàgì, ó ń pa á dé.

"Oríṣi méjì ló wà, mà," ni dókítà wí. "Ọ̀kan ní èròjà tó ń dáàbò bo ilé ọmọ, èkejì ò ní. Èwo ni tiyín?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi, lọ bá mi ra omi."

"Omi ló wà lọ́wọ́ yín yẹn, Mọ́mì." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó, ẹ̀jẹ̀ kankan ò yọ. Ilé ọmọ tó gba irú èmi olóríkunkun yìí, kí ni oògùn fẹ́ fi í ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"A jẹ́ pé èyí tó ní ààbò ni," ni dókítà wí. "Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀ tí awọ náà ṣì nípọn, a máa yọ ilé ọmọ àbúrò yín. Tó bá jẹ́ èkejì ni, a kàn máa fún un ní ààbò tó ṣaláìní, ó lè má kan ọ̀bẹ rárá."

Oníbúrẹ́dì yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kan, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Èyí tí ò ní ààbò ni, dókítà," ó ní, "torí wọ́n ti yọ ilé ọmọ tèmi kí wọ́n tó bí ọmọ tí mo dì mú yìí."