Màmá Tẹ Bọ́tìnnì, Kò Sẹ́ni Tó Gbọ́

Ẹ dákun, ẹ ka ìtàn yìí títí dé gbólóhùn tó kẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá ní ìyá láyé, ẹ rọra kà á.

Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan. Ó mọ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ní kó rọra, á ní, "Mo ti mọ̀." Bẹ́ ẹ bá ní òjò ń bọ̀, ó ti mọ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀ nìyẹn, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn kan náà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí i lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì ti ń san. Àbúrò Mo-ti-mọ̀ obìnrin gan-an ni nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù náà. Ìyá a máa fi wọ́n yangàn fáwọn aláìsàn tó kù pé, "Ọmọ mi kan ń tọ́jú mi, èkejì ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń bá mi pè é. Kí ni mo tún ń wá?"

Òótọ́ ló sọ. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Bí aláìsàn bá tẹ̀ ẹ́, ìpè náà á lọ sínú kọ̀ǹpútà àgbà tí wọ́n ń pè ní sáfà, sáfà á sì mú kí fóònù nọ́ọ̀sì dún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mo-ti-mọ̀ fẹ́ fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò ètò tó ń tọ́jú àwòrán eegun àwọn aláìsàn lórí sáfà. Ìkìlọ̀ gígùn kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Kò kà á. Ó tẹ "Mo gbà", ó ń súfèé.

Àbúrò rẹ̀ yọjú. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ ń ṣe nǹkan sí sáfà. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ ká jọ dán bọ́tìnnì kan wò."

"Ètò àwòrán ni mo fọwọ́ kàn, kì í ṣe ti bọ́tìnnì."

"Ẹyọ kan péré, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni? Mo ti mọ̀, jàre!"

Ọmọbìnrin náà padà sí wọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo-ti-mọ̀ pa sáfà, ó tún un tàn. Àwòrán ń ṣí wàràwàrà. Inú rẹ̀ dùn, ó gba ibi oúnjẹ lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú sáfà, ètò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà gba iṣẹ́. Pọ́ọ̀tù ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan náà; ètò méjì ò sì lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ̀dà tuntun yìí ti pa ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ dà, ti ètò bọ́tìnnì ló sì mú. Nígbà tí sáfà jí, òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ètò bọ́tìnnì dé, ó bá àlejò lórí ìjókòó rẹ̀, ló bá padà lẹ́yìn. Kò pariwo.

Lọ́sàn-án, ìtọ̀ ń gbọ̀n Ìyá. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó dúró. Ó tún un tẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Iṣẹ́ ti wọ ọmọ mi lọ́rùn lónìí. Ẹ jẹ́ n má yọ ọ́ lẹ́nu." Ó rọra gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò gbé e, ló bá ṣubú.

Nígbà tí Mo-ti-mọ̀ fi máa sáré dé, ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀, orí rẹ̀ wà lórí itan ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè?"

"Mo pè, ọkọ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ títí."

Mo-ti-mọ̀ na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀. Fóònù tó wà lápò àbúrò rẹ̀ kò dún. Àbúrò náà kò sọ pé "mo wí fún yín". Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ lọ tún un ṣe, ẹ̀gbọ́n mi. Màmá wà lọ́wọ́ mi. Ìyá àwọn ẹlòmíì ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì." Ó sì pàṣẹ kí nọ́ọ̀sì dúró sí yàrá kọ̀ọ̀kan.

Mo-ti-mọ̀ pa sáfà, ó tàn án. Pàbó. Ó tú wáyà, ó tún un so. Pàbó. Ó ń fi ìkánjú ṣe é, ó ń bà á jẹ́ sí i. Níkẹyìn ó jókòó, ó nu ojú rẹ̀, ó sì ka ohun tí sáfà ti kọ sílẹ̀ látàárọ̀: ètò mìíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà yìí. Ó wá a wò, ó bá ètò àwòrán níbẹ̀. Ó tún lọ wo ìkìlọ̀ tó fò láàárọ̀. Kedere ló wà níbẹ̀ pé kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ètò kan ti ń lo ẹnu ọ̀nà tuntun náà.

Ó fún ètò àwòrán ní ẹnu ọ̀nà mìíràn, ó tan ètò bọ́tìnnì. Ó wá bá àbúrò rẹ̀, ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi dán an wò." Wọ́n ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ̀ ẹ́, fóònù ń dún. Gbogbo bó ṣe ń dún, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Eegun tó ti ń jinná ti tún kán. Wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n Ìyá kò dá rìn mọ́ títí dòní. Wọ́n fi ẹlòmíì ṣe ọ̀gá lórí Mo-ti-mọ̀, kò sì jà sí i.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Ìyá délé, Mo-ti-mọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga rẹ̀. "Màámi, èmi ni mo dá ẹsẹ̀ yín."

"Dìde," ni Ìyá wí. "Nígbà tó ò ń kọ́ ìrìn, ọwọ́ mi náà lo ti ń ṣubú. Ṣé mo ta ẹ́ nù ni?" Ó fọwọ́ pa á lórí. "Ṣùgbọ́n bí àbúrò rẹ bá ní kó o wá wo nǹkan, ọkọ mi, máa wá wò ó."

Ní báyìí, láràárọ̀, òun ló ń gbé ìyá rẹ̀ jáde sínú oòrùn. Ìyá kì í ráhùn. Àìráhùn yẹn gan-an ló ń pa ọmọ lẹ́kún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ohunkóhun tí iṣẹ́ yín ìbáà jẹ́, ẹ má fo ìkìlọ̀. Ẹ dán iṣẹ́ yín wò kẹ́ ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀. Bí ọmọdé bá sì ní kẹ́ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ má fi ìgbéraga pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ jù, torí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.