Ta Ló Fi Sikúìdì Sórí Ìwọ̀?

Òótọ́ ni ìtàn yìí látòkè délẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí ẹja gbé mi mì. Ó dáa, ibì kan wà tí mo tún ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju gbólóhùn kan lọ, n ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Peni, ọmọ erékùṣù Kadavu, ni olórí òṣìṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Lewa ni Wai, tó ń ti èbúté Suva lọ pa ẹja túnà. Okùn tí wọ́n ń ta sínú òkun láràárọ̀ gùn ju ìrìn ọjọ́ kan lọ, ẹgbẹ̀rún méjì ìwọ̀ ló sì so mọ́ ọn. Túnà ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ìwọ̀ kì í bi ẹran omi pé ta ni ọ́. Nítorí náà ni ilé iṣẹ́ wọn ṣe ní kí wọ́n máa lo ìwọ̀ róbótó, kí wọ́n sì fi ẹja ṣe ìjẹ, wọn ò gbọdọ̀ lo sikúìdì, ẹran òkun tí kò légungun, tí apá rẹ̀ dà bí okùn. Ìjàpá òkun máa ń já ẹja jẹ díẹ̀díẹ̀ kúrò lára ìwọ̀. Ṣùgbọ́n ara sikúìdì yi, kò ṣeé já jẹ, odindi ni ìjàpá ń gbé e mì tòun ti ìwọ̀. Bí ìjàpá mẹ́ta bá kọ́ ìwọ̀ nínú ìrìnàjò kan, ì báà wà láàyè, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ padà sílé. Alumita, ọmọbìnrin tí ìjọba fi sínú ọkọ̀, ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìjàpá àkọ́kọ́ wá ní ọjọ́ karùn-ún. Ẹja ló wà lẹ́nu rẹ̀. Peni fi àwọ̀n gbé e sókè, Alumita yọ ìwọ̀, wọ́n dá a padà sómi.

Ní ọjọ́ kẹjọ, rédíò ké láti Kadavu. Bàbá Peni kò jẹun mọ́, ó ń béèrè ọmọ rẹ̀.

“Ọkọ̀ ò tíì kún dé ìdajì,” ni Kapiteni Semisi wí. “Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Kapiteni,” ni Peni dáhùn, ó sì padà sídìí okùn rẹ̀.

Ìjàpá kejì wá ní ọjọ́ kọkànlá. Alumita la ẹnu rẹ̀, ó fa nǹkan funfun kan jáde, ó gbé e síwájú Kapiteni.

“Sikúìdì rèé, sà. Ta ló fi í síbẹ̀?”

Ojú Kapiteni pọ́n. “Peni, ìwọ lò ń bójú tó ìjẹ. Wá ẹni tó ń ṣe é fún mi. Bí ìkẹta bá fi lè wá, o ò ní wọ ọkọ̀ yìí mọ́.”

Ibì kan ṣoṣo ni sikúìdì wà nínú ọkọ̀: fìríìsà Waisale alásè, tó máa ń fi omi àgbọn sè é fún wọn. Tauvu ni òun àti Peni. Òrìṣà abúlé Waisale àti ti abúlé Peni jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, nítorí náà wọ́n lè bú ara wọn, wọ́n lè mú nǹkan ara wọn láì tọrọ, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ bínú. Gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo Waisale. Ta tún ni, bí kò ṣe tauvu, ni yóò fi irú èyí ṣe Peni?

Láti ọjọ́ náà ni Peni ti ń ṣọ́ Waisale kí ó lè mú un. Láràárọ̀, alásè máa ń gbé abọ́ wá sídìí àpótí ìjẹ láti ṣa ẹja tí wọn yóò jẹ. Peni a dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ afà-okùn, kò ní ṣẹ́jú. Bí Waisale bá ti yí ẹ̀yìn padà, Peni a lọ ki ọwọ́ bọ inú àpótí dé ìgbọ̀nwọ́.

Alumita bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. “Ṣé ẹ rí nǹkan kan?”

“Ẹja nìkan ni, Marama,” ni Peni dáhùn, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹtàlá, bí wọ́n ti ń jẹun, Waisale na ṣíbí sí Peni.

“Ẹ̀yin ará Kadavu! Sikúìdì mi ń dínkù. Olè ni ìran yín.”

“Kí lèèyàn fẹ́ jí nínú ilé ìdáná rẹ?” ni Peni wí. “Ọbẹ̀ rẹ tó dà bí omi tí wọ́n fi fọ ọkọ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Peni ló kọ́kọ́ dìde kúrò nídìí oúnjẹ.

Ìkẹta wá ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó tóbi bí tábìlì. Peni ló kọ́kọ́ dé etí ọkọ̀, òun ló di àwọ̀n mú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá fa okùn. Ìjàpá náà yè. Sikúìdì ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Kapiteni kò yà sọ́dọ̀ Peni. Ilé ìdáná ló gbà lọ, ó wọ́ Waisale jáde ní apá.

“Ṣé ìwọ ni?”

Waisale wo Peni. Ó pẹ́ kí ó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ tó ró mọ́dìí.

“Èmi ni. Mo ń bá tauvu mi ṣeré ni.”

“Eré? O dá odindi ọkọ̀ padà sílé, o ní eré? O ò tún ní fẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ yìí láyé!”

“Kapiteni lè bínú,” ni Waisale wí. “Tauvu mi ò gbọdọ̀ bínú.”

Alumita kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n yí imú ọkọ̀ sí Suva. Waisale po tíì, ó gbé ife kan fún Peni.

“Mu tíì rẹ, olè.”

Peni gbà á, kò lè gbójú sókè.

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ irọ́ mi: kì í ṣe láti mú Waisale ni Peni fi ń ṣọ́ ọ, ó ń dúró kí ó kúrò nídìí àpótí ni, kí òun lè fi sikúìdì tó jí sáàárín ẹja tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi sórí ìwọ̀, kí ọkọ̀ lè tètè padà sílé, kí bàbá rẹ̀ sì fi ojú kàn án ní Kadavu kí ó tó kú.