Ọmọ Tí Wọ́n Kọ́ Láti Má Sunkún

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá fi sílẹ̀. Ẹ kà á parí, pàápàá bí iṣẹ́ bá ti lù yín bolẹ̀ bó ṣe lu obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

1.
Obìnrin náà ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń wọṣẹ́. Tó bá fi máa padà délé, apá rẹ̀ á ti kú tipiri. Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni ọkọ rẹ̀, ilé kì í gbé e. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ni, ẹkún rẹ̀ sì le débi pé àwọn ará ilé sọ ọ́ ní Aláriwo.

Ọ̀dọ̀ opó kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ló máa ń gbé ọmọ náà sí. Ìyá Ìsàlẹ̀ la ó máa pè é. Yàrá màmá yìí há, nǹkan ìṣeré fọ́n káàkiri, ariwo ọmọ kì í tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti yanu sunkún, ẹ̀yìn màmá ló máa bá ara rẹ̀. Ó wá mọ́ Aláriwo lára. Tó bá délé tí ìyá rẹ̀ ò gbé e pọ̀n, ilé ò ní rójú.

"Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun," obìnrin náà á máa wí, omi á sì lé ròrò sójú rẹ̀. "Tèmi ń sùn lọ́sàn-án, èmi ni mi ò sùn. Olúwa, ó rẹ̀ mí."

Ẹ má tíì bú u o. Ẹni tí kò bá rẹ̀ rí ni kó kọ́kọ́ bú u.

2.
Ló bá lọ wo jẹ́lé-ó-sinmi tuntun kan. Ẹ̀yin tèmi, ibẹ̀ mọ́! Ilẹ̀ ń dán, bẹ́ẹ̀dì kéékèèké tò lọ rẹrẹẹrẹ, àwọn ọmọ jókòó, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Obìnrin tó ni ibẹ̀, Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, mú un yí ilé ká.

"Báwo lẹ ṣe ṣe é tí wọ́n fi dákẹ́ báyìí, mà?"

"A kì í gbé ọmọ tó bá ń sunkún. Yàrá ẹ̀yìn la máa ń gbé e sí, a ó pa ilẹ̀kùn dé títí ẹnu á fi rẹ̀ ẹ́. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́n."

Ẹ wò ó, kò fi pamọ́. Ó là á mọ́lẹ̀ fún un. Ìyá ọmọ kọ́kọ́ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ó rántí oorun. Kò béèrè pé bí nǹkan bá ń dun ọmọ ńkọ́. Kò ní kí wọ́n ṣí yàrá ẹ̀yìn kóun wo inú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ló forúkọ ọmọ sílẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Ìsàlẹ̀ gbọ́, ó ní, "Ìyá Aláriwo, ẹkún lẹnu ọmọ o. Bí wọ́n bá gba ẹnu ẹ̀, kí ló máa fi pè ọ́?"

"Màmá, ẹ má bínú. Gbígbé tẹ́ ẹ̀ ń gbé e ló bà á jẹ́."

Màmá wò ó lọ, wò ó bọ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì wọlé.

3.
Àǹtí Jẹ́jẹ́ ò purọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohùn ọmọ há. Lẹ́yìn náà ó ń dá sùn. Kò pẹ́, ẹ lè gbé Aláriwo kalẹ̀ kó kàn máa wò yín. Ìyá rẹ̀ ń sùn, ara rẹ̀ ń dán, ó sì ń fi ọmọ yangàn níbi iṣẹ́.

"Tèmi ti gbọ́n ní tiẹ̀," ló máa ń wí.

Ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ fa etí. Ó ń ra orí mọ́ ìrọ̀rí. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, ìyá rẹ̀ ní eyín ló ń hù. Ṣebí kò kúkú sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ó rí ọyún tó ti gbẹ sórí ìrọ̀rí, òmíràn ń ṣàn létí ọmọ. Yéè! Ìyá ló figbe ta. Ọmọ ò ké.

4.
Dókítà yẹ etí náà wò, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, ó ti pẹ́ tí etí yìí ti ń dùn ún. Àgbàlagbà gan-an ò lè pa irú ìrora yìí mọ́ra. Ṣé kò sunkún ni?"

"Kì í sunkún mọ́, sà."

"Látìgbà wo?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ti lò lọ́dọ̀ Àǹtí Jẹ́jẹ́.

Oògùn mú kí ọyún náà gbẹ, àmọ́ etí ọ̀tún ọmọ náà ti dí, kò sì tún ní gbọ́ràn mọ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ìyá gbá a mọ́ àyà, ó ń bẹ̀ ẹ́: "Sunkún, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, ké sí mi, mo wà níbí." Ọmọ na ìka, ó fi kan omijé ojú ìyá rẹ̀. Kò fọhùn.

Ó gbé e padà sọ́dọ̀ Ìyá Ìsàlẹ̀. Màmá ò bá a wí. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ lé òun lẹ́yìn.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ó rẹ̀ yín. Ta ni kò rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ wo ibi tí ẹ fẹ́ gbé ọmọ sí, ẹ má tíì wo ilẹ̀ tó ń dán. Ẹ dúró níbẹ̀ títí ọmọ kan á fi sunkún, kí ẹ wo ẹni tó máa dìde. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dìde, ẹ gbé ọmọ yín, kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ má sanwó fún ẹni tó máa pa ọmọ yín lẹ́nu mọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.