Géètì Ọgbà Ewúro

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá Akínwándé na ìka sí géètì ọgbà ewúro. Abẹ́rẹ́ ara géètì gún un, ó sì tọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

"Ẹ kú oríire, sà," ni géètì wí. "Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀. Àwọn tí tiwọn ga nìkan ló ń wọlé wá gba ìtọ́jú. Bó bá tún rí báyìí lọ́la, a ó yọ orúkọ yín kúrò."

Bàbá ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà, níbi tí wọ́n ti ń fún ewúro mu, tí wọ́n sì ń ta ayò. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ nílé.

Ó yà sẹ́yìn ògiri, ó yọ hóró ṣúgà mẹ́rin lápò, ó rún wọn jẹ, ó sì dúró díẹ̀. Nígbà tó padà dé, géètì ṣí.

Àlàó ọ̀rẹ́ rẹ̀ sún fún un lórí bẹ́ńṣì. "Ṣúgà ńkọ́?"

"Ó ti ga. A dúpẹ́."

"A dúpẹ́ o," ni Àlàó wí, ó sì gbọn eérún ṣúgà kúrò nínú irùngbọ̀n tirẹ̀ náà.